Fáànù Ń Yí, Ojú Kọ̀ǹpútà Dúdú

ÌBÉÈRÈ: Ìdúmágbò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo máa ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìkésíni ìgbéyàwó. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti ń dà mí láàmú. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á dúdú. Lọ́jọ́ mìíràn á máa dún "pí, pí, pí". Bó bá jàjà tàn, á ní ọdún 2009 la wà, á ní kí n tẹ F1. Ẹnjiníà kan ní motherboard ti kú, pé kí n ra òmíràn, kí òun sì bá mi fọ́ọ̀mátì ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ oníbàárà kún inú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ìdààmú. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná: iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín kò sí lórí motherboard. Inú hard disk ló wà, a sì lè tú hard disk kúrò lára ẹ̀rọ tó kú, kí a so ó mọ́ èyí tó yè, kí a sì kó ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀mátì ohunkóhun. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, tó tún ń dún pí pí, kò tíì dé ibi tí yóò ti ka hard disk. Fọ́ọ̀mátì kò lè wo irú àìsàn yẹn sàn.

Bó ṣe ń tàn lónìí tó ń kọ̀ lọ́la ni kò jẹ́ kí n tètè gbà pé motherboard ti kú. Nǹkan méjì ni mo fura sí.

Ọdún 2009 yẹn, bátìrì ni. Bátìrì róbótó kan wà lára motherboard, CR2032, oní 3 volt, irú èyí tí àwọn alágogo ń tà. Òun ló ń gbé aago kọ̀ǹpútà ró nígbà tí iná kò bá sí, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè tán níbi tí iná ti ń lọ, tó ń bọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún ọjọ́ tò.

Ojú dúdú àti pí pí ni èyí tó ṣòro, RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, ni mo sì máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó yí Erékùṣù Èkó ká kún fún ọ̀rinrin àti iyọ̀. Eruku ọjà àti èéfín jẹnẹrétọ̀ á tún lẹ̀ mọ́ ọn, títí ìdọ̀tí á fi bo etí RAM tó yẹ kó kan motherboard. Ẹ fa wáyà iná yọ pátápátá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí iná tó kù sínú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú. Ẹ ṣí kílíìpù, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ra etí rẹ̀ tó dà bíi wúrà jẹ́jẹ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ìdọ̀tí dànù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á kàn án. Ẹ tì í padà títí kílíìpù á fi dún "kẹ́". Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Pí pí ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ẹ ka iye ìgbà tó dún, kí ẹ sì wá ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ náà.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà yín. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, pàápàá èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, bọ́tìnnì pupa kan máa ń wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Orí 230 ni kó wà níbí o. Bó bá wà lórí 115 tí ẹ tàn án, ó lè gbaná. Ẹ má sì tú inú power pack, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, láé: iná máa ń pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fa wáyà yọ, ó sì lè pa èèyàn.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ gbé e lọ fún ẹnjiníà mìíràn. Ẹ jókòó tì í kó kọ́kọ́ kó iṣẹ́ oníbàárà yín sórí flash, kó tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.