Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ẹ̀kọ́ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Darí àti Oore Tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ń Ṣe fún Ìlú

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé ọmọdé gbọ́n ju àgbà lọ, kò sì sọ pé kí àgbà káwọ́ gbera kó máa wo ọmọdé níran. Ohun tó ń sọ ni pé ọgbọ́n apá kan kò tó tẹ ìlú dó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe ìjọba ló dá wọn sílẹ̀, tí kì í sì í ṣe ìjọba ló ń náwó lé wọn lórí, ló ń ṣètò ẹ̀kọ́ bí ẹni pé olùkọ́ nìkan ni Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n: olùkọ́ a sọ̀rọ̀, a kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ a dà á kọ, a há a sórí, a sì dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Bó bá wá di ọ̀rọ̀ oore ṣíṣe fún ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà a kọ̀wé sí àwọn òbí pé kí wọ́n fowó ránṣẹ́, olùkọ́ a ra páálí indomie àti ọṣẹ, wọn a kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ òrukàn, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ìṣesí méjèèjì, ọmọ kò ronú ohunkóhun, kò pinnu ohunkóhun, kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohunkóhun. Àìsàn kan náà ló ń bá ẹ̀kọ́ àti oore náà jà, ibì kan náà ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn.

Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń darí ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀, tó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà mọ̀ ọ́n, tó sì ń gbé èsì rẹ̀ síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí olùkọ́ wà nítòsí gẹ́gẹ́ bí atọ́nà. Ohun tí ayé ti ń ṣe tipẹ́ ni. Ní ìlú Exeter, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà tó ń jẹ́ Phillips Exeter Academy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1781, tí ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "kì í ṣe fún ara ẹni" sì wà lára èdìdì rẹ̀. Ní ọdún 1930, Edward Harkness, olówó kan tí ọrọ̀ ìdílé rẹ̀ ti inú okòwò epo rọ̀bì wá, ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ mílíọ̀nù 5.8 dọ́là, ó sì ṣàlàyé pé ohun tí òun ń fẹ́ ni kíláàsì kékeré tí olùkọ́ àti àwọn ọmọ yóò ti jókòó yí tábìlì kan ká, kí ọmọ tí kò já fáfá pàápàá lè ní ìgboyà láti la ẹnu rẹ̀. Títí di òní, nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 12 ló ń jókòó yí tábìlì ńlá olóbìírí gígùn ká, wọ́n ti ka iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó dé, àwọn ni wọ́n ń bèèrè, àwọn ni wọ́n ń dáhùn, àwọn náà ni wọ́n ń tako ara wọn pẹ̀lú ẹ̀rí, kò sì sí ìjókòó ẹ̀yìn tí ọ̀lẹ lè fara pamọ́ sí.

Kò yẹ kí olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan gbọ́ iye owó yìí kó sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ, nítorí kì í ṣe tábìlì ló ń kọ́ ọmọ. Abèèrè kì í ṣìnà, ìbéèrè kò sì ní iye tí a ń san lórí rẹ̀. Níbi tí ọmọ 40 bá wà nínú kíláàsì kan, olùkọ́ lè ní kí wọ́n yí bẹ́ǹṣì pa dà kí wọ́n sì pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ọmọ kan nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan má sọ̀rọ̀ rárá lọ́jọ́ náà, kó kàn máa kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó dákẹ́, àti ẹni tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, kó sì ka àkọsílẹ̀ náà sétí gbogbo wọn níparí. Ibi tí ó ti nira jù ni ti olùkọ́, nítorí a ti tọ́ ọ dàgbà pé bí òun bá dákẹ́, wọn yóò ní òun kò mọ iṣẹ́. Kí ó dákẹ́ síbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ gbé, kó béèrè pé, "Ibo nínú ìwé ni ẹ ti rí i?" kó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n wá a, ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi wá a níye lórí ju àtúnṣe tí òun ìbá ṣe lójú ẹsẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ kan tó fi hàn pé ẹ̀kọ́ irú èyí àti oore ṣíṣe lè di iṣẹ́ kan ṣoṣo wá láti Atlantic College, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962 nínú ààfin àtijọ́ St Donat's tó wà létí òkun ní ilẹ̀ Wales. Níbẹ̀ nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gba ẹni tí omi òkun fẹ́ gbé lọ là, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣe é. Ìdí ọkọ̀ náà kò lágbára tó fún òkúta etíkun àti ìgbì líle, ó sì ń tètè jẹ. Desmond Hoare, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, tó ti jẹ́ ọ̀gágun ojú omi rí, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá jọ jókòó ti ìṣòro yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ ṣe ìdí líle fún rọ́bà náà, wọ́n gbé e sójú omi, ó bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe, títí ọkọ̀ irú tuntun fi jáde láti ọwọ́ wọn. Pọ́ọ̀nù kan péré ni Hoare gbà tó fi yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ náà fún RNLI, àjọ tó ń gba ẹ̀mí là lójú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti agbègbè rẹ̀, àjọ náà sì ń lo irú ọkọ̀ yìí títí di òní. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ jókòó kọ ọ́ sínú ètò ẹ̀kọ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni ti fisíìsì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ti oore. Ẹni tó ń rì ló bi wọ́n ní ìbéèrè, ìdáhùn ìbéèrè náà ló di ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ náà ló sì di ẹ̀bùn.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1956, ọdún kan lẹ́yìn tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Táí Ṣólàárín àti Sheila ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ṣólàárín ti jẹ́ ọ̀gá ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé kò gbà pé ojúṣe ilé-ẹ̀kọ́ ni láti máa fi ẹ̀sìn kọ́ ọmọ. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn tó ń wá òmìnira ẹ̀sìn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620 ló fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà. Ohun tó sọ Mayflower di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì lọ́wọ́ nínú kíkọ́ àwọn ilé tí wọ́n ń gbé àti èyí tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà pọ̀, ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ sì wọ ṣòkòtò kékeré kakí láàárín wọn. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba ń gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá wọn sílẹ̀, Mayflower náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ni kò bá ìyípadà náà lọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oko yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òde òní ti ń ṣe ara wọn léṣe. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, ọmọ tó bá pariwo, ọmọ tó bá sọ èdè abínibí rẹ̀ nínú kíláàsì, àdá ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé kó lọ gé koríko. Bí ọdún mẹ́fà bá fi rí bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ, kí ni yóò rò nípa àgbẹ̀, nípa bíríkìlà, nípa ẹni tó ń gbálẹ̀ ìgboro? Yóò gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá kó o lọ sáàárín irú àwọn ènìyàn yìí kan náà pé kó lọ fi ìfẹ́ hàn sí wọn. Ìmọ̀ràn tó wà níbí kò gba owó: kí iṣẹ́ ọwọ́ kúrò nínú ìwé ìjìyà pátápátá, kó di iṣẹ́ ọlá tí gbogbo ọmọ ń ṣe ní ìtòtẹ̀lé, kí olùkọ́ sì wà níbẹ̀ tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí dáadáa. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ara wọn a máa ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún a pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, a sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Nínú méjèèjì, ẹni tó ń gbà lónìí ti fún ni rí, tàbí kó fún ni lọ́la, ojú kì í sì í tì í. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó mọ ògiri gíga, tó fi wáyà sí orí ògiri, tí àwọn ará àdúgbò kò mọ̀ ju bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ rántí pé olówó kan láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì ti di méje. Omi tó ń ya wọ àdúgbò yóò ya wọ inú ọgbà rẹ̀, àìsàn tó wọ ọjà yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáná fún àwọn ọmọ wọlé.

Báwo ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jáde lọ gbọ́, láìmú ẹ̀bùn kankan dání. Kí wọ́n lọ kí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ló ń yọ àdúgbò yìí lẹ́nu jù?" Bí bàbá bá dáhùn pé omi kànga ń yí àwọ̀ pa dà lẹ́yìn òjò, àwọn ọmọ ti rí ẹ̀kọ́ tí sáà kan kò ní gbé tán. Wọn yóò fi téèpù ìwọ̀n wọn ibi tí ṣáláńgá kọ̀ọ̀kan wà sí kànga, nítorí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dábàá pé kí àárín méjèèjì tó mítà 30. Wọn yóò ya àwòrán àdúgbò, wọn yóò wo apá ibi tí ilẹ̀ dà sí, wọn yóò ka iye kànga tí kò ní ìdérí, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ báyọ́lọ́jì bí kòkòrò ṣe ń gba inú ilẹ̀ dé inú omi. Ìṣírò wà nínú rẹ̀, jọ́gíráfì wà nínú rẹ̀, èdè Yorùbá pàápàá wà nínú rẹ̀, nítorí èdè tí àdúgbò gbọ́ ni wọn yóò fi jábọ̀. Bí wọ́n bá wá fi pákó àti páànù kan ìdérí fún kànga mẹ́ta ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ káfíńtà, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń se omi títí yóò fi hó kí a tó mu ún, wọ́n ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún páálí indomie lọ. Kí wọ́n ṣọ́ra, kí wọ́n má dárúkọ onílé tí ṣáláńgá rẹ̀ sún mọ́ kànga jù ní gbangba. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, inú yàrá baálẹ̀ la ti ń sọ ọ́. Ní ti fọ́tò, bí a bá ṣoore tí a lóṣòó tì í, bí aláìṣe ló rí. Àwòrán kànga tó ní ìdérí tó. Ojú ẹni tó ń pọn omi kò pọn dandan.

Owó kò lè ṣàì wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí a ó ra ìṣó, a ó ra páànù. Níbí ni àwọn àgbà ti máa ń gba iṣẹ́ pa dà lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n sì ń ṣe àṣìṣe ńlá. Kí àwọn ọmọ yan akápò láàárín ara wọn, kí wọ́n ní ìwé ìṣirò tí wọ́n ń kọ iye tó wọlé, iye tó jáde àti ohun tí wọ́n ná an sí, kí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí akápò sì máa kà á sétí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lórí ìlà àárọ̀. Kí olùkọ́ kan máa fọwọ́ sí i, kó má sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sàn púpọ̀ kí owó náà jẹ́ èyí tí wọ́n rí nídìí ewébẹ̀ tí wọ́n gbìn tàbí aṣọ àdìrẹ tí wọ́n pa, ju èyí tí òbí fi ránṣẹ́ lọ, nítorí ẹni tí kò làágùn kì í mọ ohun tí ẹ̀bùn jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn ń ké pé owó ìlú ń sọnù, ọmọ ọdún 15 tó ti dìde lẹ́ẹ̀kan rí láti ṣàlàyé igba náírà tó dín nínú ìwé rẹ̀ ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ olóyè kò kọ́.

Àwọn òbí yóò ní kí ni gbogbo èyí fẹ́ ṣe fún ìdánwò àṣekágbá WAEC. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń san wúwo lọ́rùn wọn. Ọmọ tó ti wọn kànga, tó ti kọ ìjábọ̀, tó ti dúró níwájú àwọn àgbà àdúgbò láti gbèjà ìwádìí rẹ̀ kò ní sá fún ìdánwò tó ní kó ṣàlàyé ìdí. Ṣùgbọ́n kí ilé-ẹ̀kọ́ má purọ́ fún wọn pé kò gba àkókò. Ó ń gbà á. Nítorí náà, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni kí ó jẹ́, kí ọjọ́ náà má yẹ̀, kó sì wà lára àkókò ẹ̀kọ́ gan-an, kó má jẹ́ lẹ́yìn tí ó ti rẹ àwọn ọmọ.

Ohun tó máa ń tètè pa irú iṣẹ́ yìí jù lọ ni pé ọmọ mẹ́ta tí ọkàn wọn wà nínú rẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ sì dúró. Kí àwọn tó wà ní SS3, ìyẹn kíláàsì àṣekágbá, fa iṣẹ́ lé àwọn SS2 lọ́wọ́ láti ìparí sáà kìíní, ṣáájú kí ìdánwò tó gbà wọ́n lọ́kàn: ìwé ìṣirò, àwòrán àdúgbò, nọ́ńbà fóònù baálẹ̀, orúkọ àwọn kànga tó kù tí wọn kò tíì bò. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ kí baálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, kí ó lè mọ ojú ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.