Orúnkún Bàbá Ṣọ́jà

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí òwe yìí ṣókùnkùn sí, nítorí náà n kò ní í túmọ̀ rẹ̀. Orúnkún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà létí omi ní Kétu, níbi tí a ti ń wọkọ̀ lọ sí Àgbòyí. Bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sómi, ó fọwọ́ méjèèjì di pákó mú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá inú ọkọ̀ bí ọmọdé tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Orúnkún méjèèjì ló fi báńdéèjì wé. Ọmọ tó ń tukọ̀ ní, "Ẹ rọra, Bàbá, mo ti dì yín mú." Nígbà tó jókòó tán, ó tú ọ̀rá dúdú tó há sábíyá, ó ní kí n bá òun wo ohun tó wà níbẹ̀: ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, fọ́tò tó yà ní Monrovia nígbà tí ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ Liberia lọ́dún 1990, àti X-ray tó ṣe lọ́dún yìí. Ọ́fíìsì kan ló ti ń bọ̀. Wọ́n ní kó mú àkọsílẹ̀ wá pé iṣẹ́ ológun ló ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Kò ní.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò sọ fún dókítà nígbà yẹn ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Kí n lọ máa sọ pé orúnkún ń dùn mí? Kí wọ́n máa pè mí lọ́lẹ? Róòbù ni mo fi ń pa á."

Inú bí mi. Róòbù kì í kọ̀wé!

Àrùn tó ń ba orúnkún jẹ́ báyìí, osteoarthritis ni dókítà ń pè é, làkúrègbé làwa ń pè é, a sì ń kó o mọ́ tọjọ́ ogbó. Ohun kan wà bí tìmùtìmù láàárín eegun méjì ní oríkèé. Ẹrù wúwo, fífò sílẹ̀ látorí ọkọ̀ ológun, ìfarapa tí a ò tọ́jú, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, títí eegun á fi máa ha eegun. Ohun tó ṣe ọmọ ọdún 25 lè má pariwo títí á fi sún mọ́ 50. Ojú lásán ń rí àpá ọta ìbọn. Ta ló ń rí àpá eléyìí? Ìwé nìkan ló lè fi í hàn.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun wa mọ ẹni tó fara gba àbùkù lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ dókítà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé iṣẹ́ ló fà á, kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú Military Pensions Board ní Abuja. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ti ń wọṣẹ́ ológun, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: pé àrùn wà lára báyìí, pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àti pé dókítà so méjèèjì pọ̀. Dókítà ò ní láti búra. Bó bá ní ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ tó bó ṣe ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, ó tó. Bí làkúrègbé bá hàn gbangba láàárín ọdún kan tí èèyàn kúrò níṣẹ́, òfin á gbà pé iṣẹ́ ló fà á. Wọ́n ń gba lẹ́tà ẹlẹgbẹ́ tó ṣojú ẹ̀. Bí wọ́n bá sì sọ pé rárá, ọdún kan wà láti pe ìdájọ́ náà níjà.

Nítorí náà, ìwọ tọ́mọ rẹ wà níṣẹ́ ológun, pè é lálẹ́ òní. Ọjọ́ tí oríkèé bá dùn ún, kó lọ sọ ọ́ nílé ìwòsàn báríkì, kí wọ́n kọ ọ́, kó ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sílé. Kó má kúrò níṣẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n yẹ oríkèé rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ wá ẹlẹgbẹ́ yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín mẹ́ta, ẹ má gbé ojúlówó sínú ọ̀rá kọjá lórí omi.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Burma lọ́dún 1944, níbi tí àwọn ọmọ ogun 81st (West Africa) Division ti ń forí ru ẹrù ogun gba inú igbó Kaladan. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1999. Ìyẹn la fi mọ ohun tójú ẹsẹ̀ náà rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ru ẹrù nígbó yẹn ló kú láìkọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bá Bàbá Ṣọ́jà wí, òwe mi bẹ̀rẹ̀ sí í ni mí lára. Bàbá yìí ò dákẹ́ mọ́. Ó ń sọ ọ́ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, tara rẹ̀ ò sì tíì fọhùn. Nígbà tó dákẹ́ náà, òun nìkan kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ rí i bó ṣe ń tiro, kò kọ ọ́. Òwe náà di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tó dákẹ́, kò mẹ́nu ba ẹni tó kọ́ ọ ní dídákẹ́. A mú ọmọ ọdún 20, a ní akọni kì í sunkún; ó darúgbó tán, a wá ń bi í pé kí ló dé tí kò sunkún sínú ìwé. Kò dáa.

Ọ̀rẹ́ Bàbá Ṣọ́jà kan, tí wọ́n jọ máa ń fò sílẹ̀ látorí ọkọ̀ ológun nígbà tí wọ́n wà níṣẹ́, ṣì wà ní Ìkòròdú. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Bàbá ń lọ bá a. Èmi ni màá mú bébà àti bírò dání.