Lẹ́tà sí Ọmọ Àbúrò Mi tí Ó Fẹ́ Yáwó Kọ́lé

Ìyàmoyè,
Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kà á tán, mo sì tún un kà, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí àgbà ń fi ìkánjú dáhùn: pé ìwọ, ọmọ Okun, ọmọ Ìjùmú, ọmọ àwọn tí ó la igbó di oko kọfí àti oko kòkó kí wọ́n tó rí ọmọ rán lọ sí ilé-ìwé, ti kó owó díẹ̀ jọ nínú iṣẹ́ ọba tí ò ń ṣe ní Lọ́kọ́ja, pé báńkì kan sì ti ṣetán láti fi tirẹ̀ kún un fún ọ, kí o lè kọ́ ilé tí àwọn ayálégbé yóò máa gbé. Èrò rere ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, gbọ́ tẹnu mi.

Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà náà ni ó dá mi dúró, èyí tí o fi wí pé owó ilé ni yóò máa san gbèsè náà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, nítorí àwọn ìbátan wa tí ó wà lókè òkun a máa sọ ọ́ bí wọ́n bá wálé. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè yá owó ilé tí yóò fi 30 ọdún san, kí èlé rẹ̀ má sì yẹ̀ láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Níbi tí owó bá ti rọrùn láti yá báyìí, ayálégbé lè bá onílé ru gbèsè. Ní Nàìjíríà tiwa, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tí ó fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn báńkì yòókù dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n sì dín kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà kò tíì mú kí ara tu ẹni tí ń yáwó. Èlé tí àwọn báńkì ń gbà lọ́wọ́ irú wa a máa súnmọ́ 30, a sì máa kọjá rẹ̀.

Mú ìwé àti kálámù, jẹ́ kí á jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé yàrá mẹ́fà, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, ná ọ ní mílíọ̀nù 18 náírà pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, tí mílíọ̀nù 9 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti báńkì. Ká ní yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú 250,000 náírà wá lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Yọ ti oṣù tí yàrá bá ṣófo, yọ ti ọ̀dà, ti páànù tí ó jò, ti ẹ̀rọ omi tí ó bàjẹ́, àti ti alágbàtà. Bí ó bá ṣẹ́ ku 1,200,000, kí o dúpẹ́. Èlé mílíọ̀nù 9 náà, bí ó bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 2,700,000 lọ́dún, a kò sì tíì fọwọ́ kan ojú owó fúnra rẹ̀. Ta ni yóò fi 1,500,000 tí ó kù kún un? Owó oṣù rẹ ni, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá sì pẹ́ kí ó tó wọlé, ilé náà ni báńkì yóò gbà, pẹ̀lú gbogbo òógùn tí ìwọ tìkára rẹ ti là sórí rẹ̀.

N kò wí pé gbogbo gbèsè ni ó burú. Wo ìwé owó oṣù rẹ dáadáa, bóyá wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún Owó Àkójọ Ilé-Gbígbé ti orílẹ̀-èdè, èyí tí òfin ọdún 1992 gbé kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni a ń yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn títí wọn yóò fi fẹ̀yìntì, láìbéèrè ohun tí ó wà fún. Báńkì Ìjọba Àpapọ̀ fún Owó Ilé, tí a fi rọ́pò Nigerian Building Society ti ọdún 1956 ní ọdún 1977, ni ó ń tọ́jú owó náà, ẹni tí ó bá sì ti dá a ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà lè béèrè owó ilé níbẹ̀ ní èlé 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì fi ọdún tí ó lè tó 30 san án. Kìkì pé ilé tí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ yóò fi orí pamọ́ sí ni owó yìí wà fún, kò sí fún ilé tí a ó fi yá ènìyàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi owó tí èlé rẹ̀ kéré yìí kọ́ ibi tí ìwọ yóò gbé, kí o sì fi èyí tí ò ń san fún onílé rẹ lónìí kún owó tirẹ fún ilé ayálégbé.

Èyí tí o fẹ́ fi yá ènìyàn, fi owó ara rẹ àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: èlé ẹgbẹ́ kì í gúnni lára bí ti báńkì, àwọn tí ó yá ọ sì mọ ilé baba rẹ. Má kọ́ yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ lélẹ̀, kọ́ méjì parí, kan páànù lé e, kí ayálégbé wọlé, kí owó wọn sì bá ọ gbé ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin dúró. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí owó bá sì wọlé fún ọ kí àsìkò iṣẹ́ tó dé, gbé e lé búlọ́ọ̀kù àti irin, má jẹ́ kí ó sùn sí báńkì. Gbogbo wa ni a rí bí sìmẹ́ǹtì ṣe fò sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, tí àpò kan kọjá 10,000 náírà níbòmíràn.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo fún mi láti sọ, nítorí pé Ìyàmoyè ni mo ti ń kọ̀wé, mo sì fẹ́ràn ìlú yìí ju ibi gbogbo lọ: má kọ́ ilé ayálégbé rẹ sí ibí. Bí o bá rin ìlú já, láti ibi tí ọ̀nà Kàbà ti wọ̀ ọ́ títí dé ibi tí ó ti forí lé Òmùò-Èkìtì, ìwọ yóò rí ilé tí ó gún, tí ó fẹ̀, tí wọ́n fi òkúta dídán tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti Kérésìmesì kan dé èkejì, nítorí àwọn tí ó kọ́ wọn wà ní Àbújá, wọ́n wà ní Kàdúná, wọ́n wà ní Èkó. N kò bú wọn. Ẹni tí kò ní orí ilé nílé baba rẹ̀, níbo ni wọn yóò ti ṣe òkú rẹ̀, níbo ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sọ̀ sí lọ́jọ́ ọdún? Ilé iyì ni ìyẹn, ó sì tọ́ kí o kọ́ tìrẹ lọ́jọ́ tí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má ṣe ka iyì mọ́ èrè, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, títí kan èmi, má sì fi ìtìjú tì ọ́ kó owó kékeré tí ó yẹ kí ó máa bí ọmọ sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí aláǹtakùn yóò máa gbé.

Lọ́kọ́ja ni kí o kọ́ ọ sí. Ilẹ̀ tí o dárúkọ ní àdúgbò Fẹ̀lẹ̀lẹ̀ dára, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 2011 ń wá ibùgbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ ní ìhà Gánájà, sá fún un. Ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé gbé pàdé kì í ṣe ibi tí a ń fojú di omi: ní 2012 odò kún bo ilé, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, tí ọ̀nà Àbújá pàápàá dí. Lọ wo ilẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, kí o sì bi àwọn arúgbó ibẹ̀ léèrè ibi tí omi dé lára ògiri.

Bí o bá rí ilẹ̀ tí ọkàn rẹ fẹ́, rántí pé láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé ní 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, rísíìtì tí ọmọ onílẹ̀ bá já fún ọ kò sì parí ọ̀rọ̀; jẹ́ kí lọ́yà lọ wo àkọsílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀. Ti ilẹ̀ ẹbí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, títà náà kò jẹ́ títà rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbà ìdílé, wọ́n lè gba ilé-ẹjọ́ lọ kí wọ́n fà á ya mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ti ìtọ́jú ilé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Jẹ́ kí owó ilé ní àpò tirẹ̀ ní báńkì, kí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ máa wà nílẹ̀ fún àtúnṣe. Kọ ìwé àdéhùn fún gbogbo ayálégbé. Bí ọmọ ẹbí bá fẹ́ gbé ibẹ̀, gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ bí o ti ń gbà lọ́wọ́ àlejò, kí o wá fi ọwọ́ kejì fún un ní ẹ̀bùn bí àánú rẹ̀ bá ṣe ọ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ìwé ìṣirò rẹ kò ní parọ́. Bí ayálégbé kò bá sì san, má ṣe ká páànù kúrò lórí rẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: fún un ní ìwé àkíyèsí, oṣù mẹ́fà bí ó bá ń san lọ́dọọdún tí àdéhùn yín kò sì sọ òmíràn, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, kí ilé-ẹjọ́ sì lé e jáde fún ọ.

Fi ẹ̀dà ìwé sọ́fẹ́yọ̀ ilẹ̀ Fẹ̀lẹ̀lẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó san kọ́bọ̀, kí o sì sọ fún báńkì pé o ṣì ń rò ó. Bí o bá ti rí olórí ẹbí tí ó ń tà á, mú ọjọ́ kan fún un. Èmi àti bàbá rẹ yóò sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lọ́kọ́ja láti jókòó tì ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.