Ìṣàkóso Ìfarahàn Ọ̀rọ̀ Lára Ẹ̀yà Àwòṣe Ilé: Ìperí àti Ìlò

1. Ìfáárà

Ní àtijọ́, bí ayàwòrán ilé bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ara pílánù, gègé ni yóò fi kọ ọ́ sí ibi tí àyè bá gbà á. Ohun tí ó bá kọ ni bíríkìlà àti káfíńtà yóò rí. Ohun tí kò bá kọ, kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti yí ọ̀ràn yìí padà. Ní ọdún 1974, Charles Eastman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àpèjúwe ètò kan tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa tọ́jú ìmọ̀ nípa ilé, tí kì í ṣe ìlà àwòrán rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Graphisoft ti orílẹ̀-èdè Họ́ngárì gbé ètò tí a wá mọ̀ sí ArchiCAD jáde. Revit jáde ní ọdún 2000. Irú iṣẹ́ tí àwọn ètò wọ̀nyí ń ṣe ni àwọn oníṣẹ́ ilé káàkiri ayé ń pè ní BIM.

Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, fèrèsé kan lè ru ọ̀rọ̀ púpọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ hàn lórí ìwé. Ìbéèrè tí ó jáde ni pé: èwo nínú ọ̀rọ̀ náà ni yóò hàn, lórí ìwé wo, àti fún ta ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹwà àwòrán nìkan. Ìwé tí òṣìṣẹ́ bá kà ni yóò fi kọ́ ilé tí ènìyàn yóò gbé.

2. Àwọn Ìperí

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, dá lórí ìperí fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ kò sí lára ohun tí ó gbé yẹ̀ wò. Síbẹ̀, fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú èdè lójú jẹ́ ọ̀nà tí ó wúlò níhìn-ín pẹ̀lú. Àwọn ìperí tí àlàyé yìí yóò lò nìwọ̀nyí:

(a) Àwòṣe: àpẹẹrẹ ilé tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, pẹ̀lú ìmọ̀ nípa ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀.
(b) Ẹ̀yà: ohun kan lára àwòṣe, bí ilẹ̀kùn, fèrèsé tàbí òpó.
(d) Irú àti ẹyọ: irú ni àpapọ̀ àwọn tí ó bá ara wọn dọ́gba, ẹyọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí ó wà.
(e) Àbùdá: ohun tí a lè sọ nípa ẹ̀yà, bí gíga, fífẹ̀ àti irin inú rẹ̀. Àbùdá bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju méjì lọ.
(ẹ) Ojú-ìwò: ọ̀nà kan pàtó tí a gbà wo àwòṣe, bí ìwò láti òkè tàbí láti iwájú, ní òṣùwọ̀n kan.
(f) Ìfarahàn: pé ohun kan hàn ní ojú-ìwò kan.

Ó ṣe pàtàkì kí a má ṣe da ìfarahàn pọ̀ mọ́ wíwà. Bí ọyẹ́ bá mú ní Òkè-Ògùn, ó lè bo òkè mọ́lẹ̀ tí ojú kò fi ní í rí i, ṣùgbọ́n òkè náà kò kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí a pa mọ́ ṣe wà nínú àwòṣe. Ọ̀tọ̀ ni pípamọ́, ọ̀tọ̀ ni píparẹ́.

3. Àpẹẹrẹ Kan

Kí a gbà pé wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé méjì ní Tẹ̀dé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Fèrèsé mẹ́rìnlá ni ó wà níbẹ̀, irú kan náà sì ni gbogbo wọn. Ìlà ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ẹ̀yà fèrèsé náà rù: nọ́ńbà rẹ̀, F1, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀, 1200 × 1200 mm, gíga ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí ilẹ̀, 900 mm, irú gíláàsì àti férémù rẹ̀, àti irin inú líńtẹ́ẹ̀lì tí ó dábùú lórí rẹ̀, ẹyọ mẹ́rin oní-12 mm.

Ọ̀rọ̀ àlàyé kì í tóbi tàbí kéré bí òṣùwọ̀n bá yí padà. Bákan náà ni ó ń rí lórí ìwé nígbà gbogbo. Bí lẹ́tà bá ga ní 2.5 mm, tí àlàfo ìlà sí ìlà sì jẹ́ 1.5 mm, ìlà márùn-ún yóò gba nǹkan bí 20 mm lórí ìwé. Ní òṣùwọ̀n 1:100, fèrèsé fúnra rẹ̀ kò ju 12 mm lọ. Ọ̀rọ̀ ti ju fèrèsé lọ, yóò sì bo ohun tí ó tó mítà méjì nínú ilé náà. Ní òṣùwọ̀n 1:20, fèrèsé yóò di 60 mm, ọ̀rọ̀ náà yóò sì rí àyè. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ó lè kún ìwé pílánù débi pé ìlà kan yóò gun òmíràn, tí òǹkàwé yóò sì rí 12 bí 10.

4. Ọ̀nà Ìṣàkóso

Ọ̀nà kìíní ni ti àbùdá. A óò so ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ àbùdá bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, ọ̀rọ̀ yóò hàn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́, kò ní í hàn. A tún lè fi ìlànà ìṣirò so àbùdá méjì pọ̀, kí ọ̀kan máa kú nígbà tí èkejì bá tàn, kí àlàyé kúkúrú àti àlàyé gígùn má baà jọ jáde. Bí àbùdá náà bá jẹ́ ti irú, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ni yóò gbọ́ àṣẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ti ẹyọ, ọ̀kan péré ni yóò yí padà.

Ọ̀nà kejì ni ti ojú-ìwò. Àwọn ètò yìí máa ń pín ohun inú àwòṣe sí ìsọ̀rí, ojú-ìwò kọ̀ọ̀kan sì lè pa odidi ìsọ̀rí kan mọ́. Ìyàtọ̀ ọ̀nà yìí sí ti ìṣáájú ni pé nínú Revit, àbùdá tí a bá pa lára ẹ̀yà ti kú ní gbogbo ojú-ìwò, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí tí a bá pa ní ojú-ìwò kan ṣì wà láàyè ní òmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan hàn fún bíríkìlà kí ó má sì hàn fún oníná, ọ̀nà kejì ni yóò tọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti òṣùwọ̀n. Nínú GDL, èdè tí a fi ń kọ ẹ̀yà fún ArchiCAD, GLOB_SCALE ni orúkọ tí ó ń sọ òṣùwọ̀n ojú-ìwò fún ẹ̀yà. Nítorí náà, a lè pàṣẹ fún fèrèsé pé bí òṣùwọ̀n bá ti dé 1:100, kí ó fi nọ́ńbà F1 nìkan hàn.

5. Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Ẹni tí ó bá pa àbùdá ti irú nígbà tí ó rò pé ti ẹyọ ni, fèrèsé mẹ́rìnlá ni ó pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ irin líńtẹ́ẹ̀lì bá wà lára wọn, ìwé tí yóò dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà ní Tẹ̀dé yóò mọ́ tónítóní, kò sì sí ohun tí yóò fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, bíríkìlà kò mọ̀ ọ́n. Irin tí ó bá mọ́ ọn lára ni yóò lò. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ kò gbọdọ̀ gbára lé àbùdá bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ nìkan. Ó yẹ kí ó tún wà nínú tábìlì fèrèsé tí ń bá pílánù rìn.

Ewu mìíràn kan ẹni tí ń kọ Yorùbá gan-an. Àbùdá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ni, kí ọ̀rọ̀ má sì hàn bí ó ti yẹ. Orúkọ ìlú Tẹ̀dé fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ru àmì ohùn ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti fi àmì ohùn, U+0300, kún un. Bí irú lẹ́tà tí a yàn fún ẹ̀yà kò bá mọ àmì yìí, àpótí òfìfo ni yóò jáde, tàbí kí àmì náà ṣí kúrò lórí lẹ́tà. Bí àmì bá sì sọnù pátápátá, ilé ọkọ̀ tí a kọ sí ara pílánù yóò di “ile oko”, òǹkàwé kò sì ní í mọ̀ bóyá ti mọ́tò ni, ti àgbẹ̀ ni, tàbí ilé tí wọ́n ń mú ìyàwó lọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ayàwòrán dáhùn kí ó tó pa ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ta ni yóò ka ìwé yìí? Ṣé ẹyọ kan, irú kan, tàbí ojú-ìwò kan ni àṣẹ náà yóò dé? Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá hàn níhìn-ín, níbo ni ẹni tí ó nílò rẹ̀ yóò ti rí i? Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ ìwé náà jáde, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ kà á, nítorí pé ìwé títẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò mú lọ sí ibi iṣẹ́.