Àdúrà Tí Kò Ju Èémí Kan Lọ

Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600. Ibi ìsinmi márùn-ún ni wọ́n ṣe sójú ọ̀nà, ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀ sì mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gùn ún, mo ti pinnu pé n ó máa gbàdúrà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo bẹ̀rẹ̀ bí a ti í bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: mo yin Ọlọ́run, mo ka oríkì Rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, mo wá wọnú ẹ̀bẹ̀. N kò tíì dé ibi ìsinmi kejì tí èémí fi kúrú. Àdúrà gígùn já. Ohun tó kù lẹ́nu mi kò ju “Baba” lọ. Ìṣísẹ̀ kan, “Baba.” Ìṣísẹ̀ kejì, “ẹ ṣeun.”

Mo dúró, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Ìyá àgbà kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní, “Ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé kò sí nǹkan?” Mo ní, “A dúpẹ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èémí tó ṣẹ́ kù nínú mi, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi gbọ́ ohun tí mo sọ. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé ta ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi irú ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ láti máa rántí Ọlọ́run láàárín iṣẹ́ òòjọ́ ló máa ń rò pé àfi kí òun wá wákàtí kún wákàtí. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n máa gbàdúrà láìdabọ̀. Tó bá jẹ́ orí ìkúnlẹ̀ ló ní lọ́kàn, ta ni yóò wá dáná? Ẹ wo Nehemáyà, agbọ́tí ọba Páṣíà. Ọba bi í pé kí ló ń fẹ́. Kó tó fèsì, ó ti gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run. Ọba kò dúró de àmín. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àwa Yorùbá kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wa ní irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ẹnu wa kún fún un. A fẹ́ sùn, a ní kí Ọlọ́run jí wa ire. A dá ìpàdé ọ̀la, a ní bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọmọ fẹsẹ̀ kọ, ìyá rẹ̀ ti pe Jésù kó tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti sùn lẹ́nu wa ni. Ẹ mú ẹyọ kan nínú wọn, ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ máa jí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá mú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní pẹ́ sú yín.

Ẹ so ó mọ́ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Ilẹ̀ kòkó ni Ìdànrè, ẹ jẹ́ ká lò ó. Ẹni tó jókòó ti òkìtì kòkó ń fọ́ èso kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń fi ìka wa ọmọ inú rẹ̀ tó ń yọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Kó má ṣe pe Olúwa lórí èso kọ̀ọ̀kan o, ọkàn á kúrò níbẹ̀, ẹnu nìkan ni yóò máa dá ṣe é. Àmọ́ ìgbàkígbà tó bá gbé àdá sílẹ̀ láti na ẹ̀yìn, kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lè fi tirẹ̀ sí ibi tó bá ti dúró kí èrò wọlé.

Wọn á wá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó náà fún bí ọjọ́ mẹ́fà, wọn á máa yí i láàárín kí wọ́n tó sá a. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé yẹn lọ́jọ́ kẹta: ó gbóná! Kò sẹ́ni tó jókòó tì í, iṣẹ́ ń lọ. Mo sọ èyí nítorí pé ẹ ó gbàgbé. Ẹ lè ṣe é láàárọ̀ kí ẹ má rántí mọ́ títí di alẹ́. Ọlọ́run kò lọ síbì kankan ní gbogbo àkókò yẹn.

Arákùnrin Lawrence, tó ń dáná nílé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kámẹ́lì ní Paris, tó sì kú lọ́dún 1691, náà máa ń gbàgbé. Bó bá ti rí i pé òun ti ṣáko, á jẹ́wọ́, á padà, kò ní máa na ara rẹ̀ lọ́rẹ́. Kí a jókòó máa banújẹ́ pé a gbàgbé jẹ́ ọ̀nà mìíràn láti gbàgbé. Ìgbà tí ẹ rántí pé ẹ ti gbàgbé, ẹ ti rántí nìyẹn.

Nítòsí Ìdànrè, lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń tún ẹ̀rọ rólà rẹ̀ tó kọ̀ ṣe lọ́dún 1928 nígbà tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló wà, òróró ẹ̀rọ lọ́wọ́. Òun fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin kò ní láti fi tiyín sílẹ̀.

Mo dé òkè lọ́jọ́ náà ṣá. Láti 1923 tí àwọn ará Ìdànrè ti sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè náà, ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn, ṣì wà níbẹ̀, ilé agogo náà sì wà. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ títí èémí mi fi balẹ̀.

Lọ́la, ẹnì kan yóò bi yín pé ṣé dáadáa lẹ jí. Ẹ mí ná, kí ẹ tó dá a lóhùn.