Ẹ̀kọ́: Ìrànlọ́wọ́ fún Ayétòrò
Kà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 11:27–30

Ẹ̀yin ará, nígbà tí àwọn ará Áńtíókù gbọ́ pé ìyàn ń bọ̀, wọn kò dúró kí a bẹ̀ wọ́n. Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ni òkun ń jẹ lónìí. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mú owó àti aṣọ wá. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè dá òkun dúró. Ògiri ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àjọ NDDC, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Oǹdó pẹ̀lú, ní olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt níbí (àwa náà sì ń kọjá níwájú rẹ̀!). Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ bá wa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. A óò fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìsìn.