Afárá Jẹ́bà Lórí Sítáǹbù Tọ́rọ́

Ọ̀rà-Ìgbómìnà

Ọmọ mi,

Arìnrìn-àjò tó bá gbéra ní Ọ̀rà, tó gba Ìlá àti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, tó sì kọrí sí òkè Ọya, Jẹ́bà ni yóò ti kan odò Ọya. Afárá ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ ti wà láti ọdún 1916. Apá kan rẹ̀ dé orí erékùṣù tó wà láàárín omi, apá kejì kúrò níbẹ̀ lọ sí èbúté òdìkejì. Afárá yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó kó sítáǹbù jọ ní kékeré: òun ló wà lára sítáǹbù tọ́rọ́ tó jáde ní ọdún 1953, aláwọ̀ dúdú àti àlùkò, pẹ̀lú orí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì.

Maurice Fievet ló ya àwòrán ọ̀wọ́ sítáǹbù tí èyí wà nínú rẹ̀. Kòkó, tí ará Ọ̀rà mọ̀ dáadáa, wà lára ti kọ́bọ̀ mẹ́rin; ẹlẹ́ṣin Bọ̀rnó wà lára ti kọ́bọ̀ kan; orí idẹ Ifẹ̀ wà lára ti sísì. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1955, ọmọ ilé ìwé ló ń ka lẹ́tà fún àgbà, sítáǹbù a sì di ẹ̀bùn rẹ̀. Lẹ́tà tí àwọn ará wa ń kọ láti Gánà ló máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ náà jù, pàápàá láti ọdún 1957, nígbà tí àwòrán Nkrumah, olórí ìjọba Gánà, dé orí sítáǹbù ibẹ̀.

Sítáǹbù kì í ṣe ohun à ń fi èékánná ṣí. Omi tútù ni a ń rẹ ẹ́ sí títí yóò fi bọ́ fúnra rẹ̀. A ó dojú rẹ̀ dé orí bébà mímọ́ kí ó gbẹ, a ó sì fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ bá fi ìlú àti ọjọ́ hàn kedere, àpò lẹ́tà náà lódindi ló yẹ kí a pa mọ́. Èyí lè níye lórí ju sítáǹbù tó mọ́ tónítóní lọ, nítorí ó ń sọ ìrìn àjò ènìyàn kan.

Nígbà tí Gánà lé àwọn àjèjì ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ará wa tó wà níbẹ̀ kó àpótí wọn wálé, lẹ́tà sì wà nínú wọn. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ wá kiri, kí ikán tó dé ibẹ̀. Kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, kí ó sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó gba lẹ́tà àti ìlú tó ti wá sí abẹ́ sítáǹbù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tó ń tò wọ́n sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ